Àká Kún, Mi Ò Mọ̀

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n o.

Gàrí ni ìyá mi ń tà l'Ọ́gbẹ̀sẹ̀. Ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ wọ́n lówó sí, èmi ni mo máa ń fi fóònù wọn ya fọ́tò ẹ̀. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, Google ń bá wa kó o pamọ́.

Lọ́jọ́ kan, òjò ba ìwé jẹ́, fóònù náà kú sómi. A ra òmíràn. Fọ́tò oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ò sí níbẹ̀! Màmá kàn wò mí, wọn ò sọ̀rọ̀. Ó dùn mí ju ìgbájú lọ.

Àṣé àká ti kún! Ọ̀fẹ́ tí Google ń fúnni ò ju 15GB lọ, lẹ́tà Gmail náà sì ń gbàyè níbẹ̀. Láti oṣù kẹfà 2021, gbogbo fọ́tò tuntun ló ń jẹ nínú ẹ̀. Bó bá kún, kò ní gba tuntun mọ́. Fóònù kìlọ̀ títí, èmi ni mi ò kà á.

Ẹ ṣí Google Photos, ẹ tẹ àmì orúkọ yín lókè, ẹ ó rí àyè tó kù. Ẹ pa fídíò ńlá tẹ́ ò nílò rẹ́, kẹ́ ẹ sì da àpò ìdọ̀tí ibẹ̀ nù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó lè wà níbẹ̀ fún 60 ọjọ́. Ẹ ṣọ́ra o: ohun tẹ́ ẹ bá pa rẹ́ níbẹ̀ lè kúrò lórí fóònù pẹ̀lú.

Ẹnu lásán ni Màmá fi ń sin gbèsè báyìí. Àwọn kan san. Àwọn kan ní àwọn ò jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀.