Ẹ Padà Wá Lọ́la

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ti ṣe iṣẹ́ yìí ní Yúróòpù máa ń ròyìn ilẹ̀kùn tí wọ́n pa dé mọ́ wọn lójú. Ní Ìkìrun, kò sẹ́ni tó pa ilẹ̀kùn mọ́ wa. Wọ́n á ní ká wọlé, wọ́n á nu àga, wọ́n á bu omi, wọ́n á bi wá pé ọmọ ìlú ibo ni wá, wọ́n á gbọ́ ọ̀rọ̀ wa délẹ̀, wọ́n á sì ṣe àmín tó ròkè ju tiwa lọ. Ó wá ku ká bi wọ́n bóyá wọ́n á yọjú sí ìsìn lọ́jọ́ Àìkú. "Kò burú. Ẹ padà wá lọ́la." Ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ á fi ìdùnnú kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Ó máa ń pẹ́ kó tó yé e pé wọ́n ti dá òun lóhùn.

Iṣẹ́ tí mò ń wí ni ti ajíhìnrere ọ̀dọ́ nínú Ìjọ Jésù Krístì ti àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn, àwọn tí ayé ń pè ní Mọ́mọ́nì. Ẹ ó ti rí wọn lójú títì: méjì-méjì, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, táì, báàjì dúdú láyà, báàgì léjìká. Ọdún méjì ni ọkùnrin ń lò lẹ́nu rẹ̀, obìnrin ń lo oṣù méjìdínlógún. Kò sí owó oṣù níbẹ̀. Ẹni tó ń lọ àti ìdílé rẹ̀ ló ń dá owó sí i bí agbára wọn bá ṣe mọ, ìjọ á fi ìyókù kún un. Èyí ni àwọn ará Ìkìrun kò gbà gbọ́ láé. Wọ́n lè gbà pé áńgẹ́lì fara han Joseph Smith tó dá ìjọ wa sílẹ̀. Pé òyìnbó kò sanwó fún wa ni wọn kò gbà.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí. Ẹnì kejì tí wọ́n fi ṣìkejì mi wá láti Akwa Ibom, kò sì gbọ́ Yorùbá kankan ju "ẹ káàárọ̀" lọ, èyí tó máa ń kí àwọn èèyàn títí di ìrọ̀lẹ́. Ìkìrun la ń gbé, láti ibẹ̀ la sì ti ń wọ kòrópe tàbí ọ̀kadà lọ sí Ìnísà àti Òkukù, ní ojú ọ̀nà tó jáde láti Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà.

Àwọn èwe kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà. Nígbà tí ọdún 1960 ń wọlé ni àwọn ará ìhà ìlà-oòrùn ti ń kọ lẹ́tà sí olú iléeṣẹ́ ìjọ ní Salt Lake City pé kí wọ́n rán olùkọ́ sí àwọn. LaMar Williams, ẹni tí wọ́n rán láti ibẹ̀, wá wò wọ́n lọ́dún 1961, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ físà di fà-á-kí-n-fà-á, lẹ́yìn náà ogun abẹ́lé dé. Anthony Obinna, ọ̀kan nínú àwọn ará ìhà ìlà-oòrùn náà, lálàá lọ́dún 1965 pé ẹnì kan mú òun wọ ilé ńlá kan tó rẹwà. Lẹ́yìn ogun ló rí àwòrán ilé náà nínú ògbólógbòó ìwé Reader's Digest: tẹ́ḿpìlì àwọn Mọ́mọ́nì ní Salt Lake City ni. Ó kọ lẹ́tà títí. Oṣù kọkànlá ọdún 1978 ni tọkọtìyàwó méjì tó dé, Rendell àti Rachel Mabey pẹ̀lú Edwin àti Janath Cannon, àgbàlagbà ni gbogbo wọn. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà ni wọ́n ri Obinna àti àwọn méjìdínlógún mìíràn bọmi nínú odò nítòsí Aboh Mbaise. Ìyókù yára: ní 1988 Aba di èèkàn (àkójọ àwọn ìjọ agbègbè) àkọ́kọ́ fún ìjọ náà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí aláwọ̀ dúdú sì ń darí rẹ̀, ní 2005 wọ́n ya tẹ́ḿpìlì Aba sí mímọ́. Ọ̀dọ̀ wa lápá Yorùbá ni ọ̀rọ̀ náà ti ń fẹsẹ̀ wọ́ díẹ̀.

Kí ló dá wọn dúró títí di 1978? Tíṣà kan ní Ìnísà ló bi mí, ó sì ti mọ ìdáhùn kó tó bi mí. Títí di oṣù kẹfà ọdún náà, ìjọ yìí kì í fi aláwọ̀ dúdú joyè àlùfáà. Tíṣà náà gbé ìgò ojú rẹ̀ sókè, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ṣé wọ́n sọ fún yín kí wọ́n tó fún yín ní táì yìí?" Mo ní wọ́n sọ. Mo ní inú mi kò dùn sí i, pé èmi náà ti bi àwọn àgbà ìjọ, pé ìdáhùn tí wọ́n fún mi kò tó mi. Ẹnì kejì mi ń wò mí bíi pé mo fẹ́ ba ọjà jẹ́. Bàbá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá képe ìyàwó rẹ̀ pé kí wọ́n gbé oúnjẹ wá fáwọn àlejò. Wọn kò wá sí ìsìn lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n kò sí ilé tí a tún ti jẹun tó bẹ́ẹ̀ ní Ìnísà. Mo ṣì gbà pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí lórílẹ̀-èdè wa gbọ́dọ̀ sọ apá ibẹ̀ láì fi nǹkan kan bò.

Bàbá mìíràn, ní Ìkìrun, dá mi dúró níbi tí mo ti ń ka ìtàn náà fún wọn. "Oṣù kọkànlá 1978 lo wí? Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá 1878 ni ogun Jálumi jà níbí. Ìjọ yín fi ọgọ́rùn-ún ọdún pẹ́ dé." Ló bá di pé àwọn ló ń wàásù fún wa: bí Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìlá ṣe kó ogun ti ìlú, bí Balógun Ajàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ṣe kó Ìbàdàn wá gba Ìkìrun sílẹ̀, bí àwọn tó ń sá lọ ṣe ń já lu odò Ọ̀tìn. Ìwé wa kò ṣí lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a dìde, wọ́n ní ọ̀rọ̀ wa dùn púpọ̀.

Àwọn tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú wa mọ ìwà yìí dáadáa. Thomas Jefferson Bowen, òyìnbó oníbatísí tó dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìjàyè àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, dé Ìlọrin lọ́dún 1855. Wọ́n gbà á lálejò bó ṣe yẹ, wọn kò sì fún un láyè láti jókòó síbẹ̀.

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ wa pé a kò gbọdọ̀ wọ ilé tó bá jẹ́ pé obìnrin nìkan ló wà níbẹ̀. Níbòmíràn, wàhálà ni òfin yìí máa ń dá sílẹ̀. Yorùbá ti fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ yanjú ẹ̀. Ojúde la máa ń jókòó sí, lórí bẹ́ǹṣì, gbogbo àdúgbò a sì di akẹ́kọ̀ọ́. Ìyá tí a wá bá á máa wọn gààrí fún oníbàárà láàárín àdúrà: "Ẹ máa bá a lọ, ẹ̀yin ọmọ mi, mò ń gbọ́." Ẹni tó wá ra epo á jókòó, á béèrè ìbéèrè tó le ju ti onílé lọ. Alhaji òdìkejì á ké sí wa láti ibi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá pé ṣé a gbà pé wòlíì ni Ànábì. Nínú ilé kan náà, bàbá lè jẹ́ mùsùlùmí, kí ìyá máa lọ sí Àpọ́sítélì, kí àbúrò bàbá sì máa bọ Ọ̀tìn lọ́dọọdún, tí wọ́n á sì jọ jẹ ẹran iléyá. Ìwé ìkọ́ni wa gbà pé ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó níwájú wa, tó fẹ́ dá ìpinnu ṣe. N kò bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ pàdé ní Ìkìrun.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ńkọ́? Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ kì í dúró ṣánṣán kí àgbà, nítorí náà mo máa ń dọ̀bálẹ̀, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, lórí ilẹ̀ pupa. Ẹnì kejì mi wò mí lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ní òun kò lè ṣe é. Nígbà tó rí i pé orí èmi nìkan ni àwọn ìyá ń gbé ọwọ́ àdúrà lé, òun náà wólẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ ìsinmi wa, ìyẹn ni pé ọjọ́ omi kànga, ọṣẹ àti okùn aṣọ ni. Tí NEPA bá mú iná wá lọ́jọ́ náà, à ń lọ aṣọ bí ẹni tí ajá ń lé.

A kì í mu ọtí, a kì í mu kọfí, a kì í mu ewé tíì. Ẹmu kì í fa ìjà, àwọn mùsùlùmí àti àwọn aládùúrà ti là á fún wa. Tíì ló ń fún wa ní iṣẹ́: wọ́n á ní àwọn ń po tíì fún wa, a ó wá fi ọgbọ́n yọjú wo agolo bóyá Bournvita ni tàbí Lipton.

Ọdún tí mo dé Ìkìrun ni àrùn Ẹbólà wọ Èkó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, ìjọ kó gbogbo ajíhìnrere kúrò ní Làìbéríà àti Sìẹ́rà Léónè. Èyí ni àsìkò tí àwọn èèyàn ń fi omi iyọ̀ wẹ̀ lóru, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ bọ àlejò lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì tó ń rán ọmọ káàkiri Áfíríkà kò lè má fu wọ́n lára. A ń kí wọn láti òkèèrè títí di oṣù kẹwàá, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fà sẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn tí a kì í bá nílé lọ́sàn-án wá di ẹni tí à ń bá lórí bẹ́ǹṣì. Bóyá ìgbà yẹn la ní olùgbọ́ jù lọ, n kò sì fẹ́ràn bí a ṣe ní wọn. Ẹni tí ebi ń pa kò lè dá wa dúró, a kò sì ní nǹkan tí a ó fún un.

Ohun tí àwọn èèyàn ń fẹ́ gan-an ni àdúrà. Ilẹ̀ tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti fi agogo àti omi ṣe ìsọjí Iléṣà lọ́dún 1930 kò jìnnà. Iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ mọ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run nìyẹn. "Kí lẹ rí nípa mi?" ni wọ́n máa ń bi wá. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà, ohun tí mo rí kò ju pé oòrùn ń pa mí lọ. Ṣùgbọ́n a ní òróró ólífì tí a yà sí mímọ́ fún aláìsàn, a sì máa ń gbé ọwọ́ lé wọn lórí. Ìgbà tí wọ́n bá rí ìgò kékeré yẹn ni ara máa ń tù wọ́n pẹ̀lú wa.

Òkukù ni ibi tí mo fẹ́ràn jù, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wa kò ti so èso kankan. Àwọn ìyá àgbà ibẹ̀ kò ní jẹ́ kí o sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kì ọ́. Wọ́n á béèrè orílẹ̀ rẹ, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀, títí omi á fi máa bọ́ lójú rẹ láì mọ ìdí. Wọ́n sọ fún wa nípa Karin Barber, obìnrin òyìnbó tó gbé ọ̀dọ̀ wọn ní àárín ọdún 1970 sí 1980 láti kọ́ oríkì, tó sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 1991. Ìyá kan wo èmi àti ẹnì kejì mi, ó ní òyìnbó tiwọn kò wá kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, gbígbọ́ ló wá gbọ́. Kò fi bú wa. Mo rò ó fún ọjọ́ púpọ̀.

Àwọn tó gbà wá kò pọ̀, wọ́n sì máa ń jẹ́ àlejò bíi tiwa: aránṣọ tó wá láti ìlú mìíràn, akẹ́kọ̀ọ́, opó kan tí àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ kò bá sọ̀rọ̀ mọ́. Ọmọ ìlú gan-an ní ẹbí tó gbọ́dọ̀ dáhùn sí. Mo rí ẹni tó ṣe ìrìbọmi tí kò sì wá mọ́ lóṣù kejì, tó tún ń kí wa tọ̀yàyà-tọ̀yàyà lọ́jà.

Ní ti "lọ́la" yẹn, a kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fi àsìkò sí i, "lẹ́yìn ìrun alẹ́", "tí mo bá ti ọjà Ìkìrun dé", fẹ́ rí wa. Ẹni tó bá ní "Ọlọ́run á jẹ́ ká ríra" ti parí ọ̀rọ̀. Ẹni tó sì tọ́ jù lọ ni ẹni tó bá wa jà: "Kí ló dé tí ẹ ò wá lánàá? Mo se ẹ̀wà dè yín." Ẹnì kejì mi kò gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ òun ló kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ náà, ó ní ojú ni òun ń wò.

Àbúrò mi ń ṣe iṣẹ́ náà báyìí ní ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ìgbà tèmi, káfẹ́ ni à ń lọ lọ́jọ́ Ajé láti fi ímeèlì ránṣẹ́ sílé, Kérésìmesì àti ọjọ́ àwọn ìyá nìkan la sì lè pe ìyá wa lórí fóònù. Láti 2019 ni ìjọ ti gbà kí àwọn ajíhìnrere máa pe ilé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Màmá wa ní èmi ni mo kọ́ àwọn ní sùúrù, àbúrò mi ló ń jẹ dátà àwọn. Fóònù ló fi ń wá èèyàn, WhatsApp ló fi ń rán wọn létí. Mo bi í báwo ló ṣe ń mọ ẹni tí kò fẹ́. Ó ní kò le: wọ́n á bú òun, wọ́n á kọ ọ́ gbọọrọ, wọ́n á sì dí òun mọ́ ìta. Ó ní èébú náà dára, kì í jẹ́ kí òun máa rin oòrùn kiri lásán. Mo ní ṣé ó ti rí ẹni tó bú u lójú.

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó bú mi lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà ló pè mí jẹ iyán lọ́jọ́bọ̀."