Olùkọ́ Kì í Ṣe Asọ̀rọ̀mágbèsì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Òwe yìí yé mi nígbà tí mo lọ ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí TP, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Kíláàsì JSS 2 ni wọ́n fún mi, ohùn èdè Yorùbá sì ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ mi. Mo kọ igbá, igba, ìgbà àti igbà sí ojú pátákó. Mo pe dò, mo pe re, mo pe mí, títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Àwọn ọmọ náà ń wò mí bí ẹni tó ń wo òjò. Nígbà tí mo ní kí ọmọkùnrin kan kàwé, ẹ̀rín gba kíláàsì, nítorí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ló ń gbé, Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ló sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó jókòó, kò la ẹnu mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó dùn mí, torí èmi ni mo pè é dìde.

Ní 1959 tí tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ètò ẹ̀kọ́ wà lára ìdí tí ìjọba Awólọ́wọ̀ fi dá a sílẹ̀. Ní 2020 tí àrùn Kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, ẹ̀kọ́ tún padà sórí tẹlifíṣọ̀n àti rédíò. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn baba wa fún rédíò ti sọ ibi tó kù sí: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ọmọ tí ẹ̀kọ́ kò yé kò lè bi í léèrè. Mo wá rò ó pé, fóònù inú báàgì mi ńkọ́? Òun ń sọ̀rọ̀, ó sì ń gba èsì.

Wọn kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ mú fóònù wá, nítorí náà mo tọrọ àyè lọ́wọ́ igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ní kí n lo tèmi, kí ó má kúrò lọ́wọ́ mi. Mo pín kíláàsì sí ẹgbẹ́ mẹ́rin. Ẹgbẹ́ kan á pe ọ̀rọ̀ kan, fóònù á gbà á sílẹ̀, n ó sì gbé e jáde nínú spíkà kékeré. Ẹgbẹ́ mìíràn á ya àwòrán ohun tí wọ́n gbọ́ sójú pátákó. Ẹni tó fẹ́ pe igbá, tí wọ́n wá ya okùn tí a fi ń gun ọ̀pẹ, á gbọ́ àṣìṣe ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rín pọ̀, ṣùgbọ́n a kò fi ẹnì kan ṣẹ̀sín, torí gbogbo wa là ń ṣì í, àtèmi pàápàá.

Lẹ́yìn èyí, mo ní kí wọ́n gba àlọ́ sílẹ̀ lẹ́nu àgbà ilé wọn, kí òbí wọn fi í ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ti ìyá àgbà ọmọ yẹn ló dùn jù. Ìjẹ̀bú ìyá náà jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò gbọ́ ìdajì rẹ̀. "Kí ni Màmá wí?" ni wọ́n ń bi í. Ó dìde, ó ń túmọ̀ rẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó fi í rẹ́rìn-ín ló wá ń bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ tí ọ̀gá wa láti yunifásítì wá wò mí, iná ti lọ láti àná, fóònù mi sì kú nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́. Òógùn bò mí. "Ẹ má bínú, sà," ni mo ń wí, tí mo fi gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn: "Ààlọ́ o!" Ọmọ yẹn ni. Kíláàsì dáhùn, "Ààlọ̀!" Ó pa á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ìyá rẹ̀ àgbà ti pa á. Ọ̀gá wa gbé bírò sílẹ̀, wọ́n ń gbọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kì í ṣe gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ló ní kọ̀ǹpútà, dátà wọ́n, iná kò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Àmọ́ fóònù kan ṣoṣo tó, bí olùkọ́ bá fi ń gbọ́ ọmọ lẹ́nu. Ẹ gba iná sí i lálẹ́ o! Kí ẹ sì rí i pé bí fóònù bá kú, ẹ̀kọ́ kò ní bá a kú. Ire o.