Ṣé Ojo Ni Ẹni Tó Fi Ìtàgé Sílẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N LÁYÍ: Káyọ̀dé, nínú gbogbo ohun tó wà ní Toronto, ère ọkùnrin tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lo wá ń ròyìn fún wa?

KÁYỌ̀DÉ: Glenn Gould ni, Ẹ̀gbọ́n, atẹdùùrù tí òkìkí rẹ̀ kan gbogbo ayé. Iwájú ilé-iṣẹ́ rédíò Kánádà ni ère náà wà, tòun ti kóòtù àti fìlà, nítorí bó ṣe máa ń múra nìyẹn, àní nígbà ooru pàápàá. Toronto yẹn ni wọ́n bí i sí ní 1932. Àga rẹ̀ ni ì bá yà yín lẹ́nu jù. Bàbá rẹ̀ ló gé ẹsẹ̀ àga onígi kan kúrú fún un, tó fi jẹ́ pé ínǹṣì 14 péré ni ìjókòó rẹ̀ fi ga sílẹ̀. Bó bá jókòó, imú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dùùrù. Àga yìí ló ń gbé káàkiri ayé. Ìjókòó àga náà gbó títí ó fi ya dànù, igi rẹ̀ nìkan ló kù, síbẹ̀ kò gbà kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N LÁYÍ: Ẹni tó ń gbé àga ká ayé ni wọ́n ní ó tún wá sá kúrò lórí ìtàgé? Orí ẹ̀ pé ṣá?

KÁYỌ̀DÉ: Kò sá, Ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ọdún 22 ni nígbà tó gba Goldberg Variations, orin tí Bach kọ, sílẹ̀ ní New York ní 1955, àwo yẹn ló sọ ọ́ di olókìkí. Ní 1957 ó lọ sí Moscow. Gbọ̀ngàn ò kún nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà ìsinmi àárín eré, àwọn tó wà níbẹ̀ sáré tẹ ọ̀rẹ́ wọn láago; kó tó padà sídìí dùùrù, èrò ti kún bámúbámú. Síbẹ̀, ní oṣù kẹrin ọdún 1964, lẹ́ni ọdún 31, ó ṣeré ní Los Angeles, kò dágbére fẹ́nikẹ́ni, kò sì tún ṣeré níwájú èrò mọ́ títí ó fi kú ní 1982.

Ẹ̀GBỌ́N LÁYÍ: O ò gbọ́ ohun tó tẹnu ẹ jáde? Àwọn ará Moscow sáré wá torí kí wọ́n lè fojú rí i. Onílù tí ò rí ẹsẹ̀ oníjó, ta ló ń lù ú fún?

KÁYỌ̀DÉ: Òótọ́ lẹ sọ nípa ìlù. Bí ẹsẹ̀ bá yí, ọwọ́ onílù á yí pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nínú gbọ̀ngàn dùùrù, kò sẹ́ni tó ń jó; wọ́n á dákẹ́ lọ gbári ni. Gould gbà pé àṣìṣe ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣọ́, bí àwọn tó ń wòran ìjà. Ó tún rí i pé Bach tí òun ń tẹ̀ láti ìlú dé ìlú ti ń bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́, nítorí ó ń ṣe àṣejù kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́. Nílé ìgbohùnsílẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó tẹ orin fúùgù Bach kan lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Kò sí àṣìṣe nínú ìkẹfà, ṣùgbọ́n ó wúwo. Kò sí nínú ìkẹjọ, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, ó ń ta pọ́ún pọ́ún. Nígbà tó tún gbọ́ wọn, ó rí i pé èyíkéyìí tó bá dá wà á sú èèyàn. Ìyára wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ó bá ní kí wọ́n gé téèpù: ìkẹfà bẹ̀rẹ̀ orin, ìkẹjọ gba àárín, ìkẹfà parí rẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N LÁYÍ: Màgòmágó gbáà! Ó lẹ orin pọ̀, ó ní òun tẹ̀ ẹ́.

KÁYỌ̀DÉ: Ta ló tẹ ìkẹfà? Òun ni. Ta ló tẹ ìkẹjọ? Òun náà ni. Òǹkọ̀wé a máa pa ọ̀rọ̀ rẹ́, a tún un kọ, a kì í sì í pè é ní oníjìbìtì. Ká ní ó fi í pamọ́ ni, ẹ̀sùn yín ì bá rẹ́sẹ̀ walẹ̀. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ jáde ní 1966. Ní 1981, ó tún Goldberg kan náà gbà sílẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 38, èkejì gba bí 51. Ẹni tó ń sá fún iṣẹ́ kì í padà sídìí iṣẹ́ kan náà lẹ́yìn ọdún 26.

Ẹ̀GBỌ́N LÁYÍ: Tí kì í bá ṣe ìtàgé, ta ni ì bá mọ̀ ọ́n? Ó jẹun yó tán, ó wá fọ́ àwo.

KÁYỌ̀DÉ: Mo gbà pé ìtàgé wà lára ohun tó gbé e ga. Mo sì gbà pé ó yẹ àwọn mìíràn: ẹni ọdún 89 ni atẹdùùrù Arthur Rubinstein nígbà tó fi í sílẹ̀ ní 1976, èrò ló ń fún un lágbára. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gbé ẹnìkan ró lè máa fa ẹlòmíràn sẹ́yìn. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ra alẹ́ ọjọ́ kan ni, kò ra gbogbo ọjọ́ ayé olórin. Bí Gould bá sì jẹ gbèsè kan, ó ti san án, nítorí àwo rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní físà, tí kò lè rí gbọ̀ngàn Moscow láéláé. Kódà, Bach tó tẹ̀ wà lára orin tí Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ sí òfuurufú nínú ọkọ̀ Voyager ní 1977.

Ẹ̀GBỌ́N LÁYÍ: Ó dáa, kì í ṣe ojo. Ṣùgbọ́n olórin tó bá fẹ́ gbowó lọ́wọ́ mi, iwájú mi ni yóò ti kọ ọ́.

KÁYỌ̀DÉ: Ẹ̀tọ́ yín nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀tọ́ tirẹ̀ náà ni pé kó ṣiṣẹ́ níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti dára jù. Ẹni tó bá fẹ́ dá a lẹ́jọ́, kó kọ́kọ́ gbọ́ àwo Goldberg méjèèjì ná.