Bí A Ṣe Ń Mọ Ìgbà Tí Ẹ̀rọ Ilé-iṣẹ́ Yóò Di Ògbólógbòó

Iṣẹ́ sísọ ìgbà tí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́, pẹ̀lú àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, yóò di ògbólógbòó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣirò lásán. Ní ọdún 1971, John Fisher àti Robert Pry ti ilé-iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé pé bí ohun tuntun bá ń gba ipò ti àtijọ́, díẹ̀díẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀, yóò sáré láàárín, yóò sì rọra parí, èyí tó jẹ́ kí àwọn olùṣírò lè fi ọdún mélòó kan àkọ́kọ́ mọ bí ìyókù yóò ṣe rí.

Àsìkò ìmúrasílẹ̀ fún ọdún 2000 ni ẹni tó kọ àkọsílẹ̀ yìí wọ iṣẹ́ náà. Nítorí pé àyè ìpamọ́ inú kọ̀ǹpútà wọ́n gógó nígbà kan, nọ́ńbà méjì péré ni àwọn tó ń kọ ètò fi ń dúró fún ọdún, tó fi jẹ́ pé ètò wọn kò ní mọ 1900 yàtọ̀ sí 2000. Ibẹ̀ ló ti yé e pé ètò máa ń pẹ́ láyé ju bí ẹni tó kọ ọ́ ti rò lọ.

Lẹ́yìn èyí ni kàlẹ́ńdà àwọn tó ń ta ètò di atọ́nà. Òpin àtìlẹ́yìn ni wọ́n ń pe ọjọ́ tí olùtajà kò ní ṣàtúnṣe ààbò mọ́. Ti Windows XP, tó jáde ní 2001, jẹ́ ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2014. Síbẹ̀ kàlẹ́ńdà nìkan kò tó, nítorí nígbà tí WannaCry, ètò aṣebi tó ń ti fáìlì pa títí a ó fi sanwó, kọ lu àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Karùn-ún 2017, àtúnṣe tó lè dènà rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti oṣù Kẹta, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò tíì lò ó.

Ó wá ku ti ènìyàn. Ní oṣù Kẹrin 2020, Phil Murphy, gómìnà New Jersey, ké gbàjarè sí àwọn tó gbọ́ COBOL, èdè ìkọ̀wé-ètò tó ti wà láti 1959, nígbà tí àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn lásìkò Kòrónà ya bo ètò owó ìrànwọ́ ìpínlẹ̀ náà, tí wọ́n fi èdè yìí kọ. Òǹkọ̀wé yìí gbà pé bí àwọn tó mọ ètò kan tún ṣe bá ti tán, ògbólógbòó ni, bó tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láìsí àléébù.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé àkọsílẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́: ẹ̀rọ wo ló wà, ta ló ń tọ́jú rẹ̀, ìgbà wo ni onítọ̀hún yóò fẹ̀yìn tì. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 2038, òǹkà tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá láti 1970 yóò kún àkúnwọ́sílẹ̀ nínú àwọn ètò tó fi bíìtì 32, ìyẹn àmì òdo tàbí oókan méjìlélọ́gbọ̀n, pa á mọ́. Gbogbo ayé ló mọ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí kò ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè sọ èwo nínú ẹ̀rọ rẹ̀ ni yóò kàn.