Ẹja Odò Ọ̀wẹnà

Bí mo bá ti ń kọjá ní Ọ̀wẹnà, láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó, ojú mi á máa wá àwọn apẹja.

Àrọ̀ a máa wọ́ gòkè odò nígbà òjò kó lè yé ẹyin.
Àmọ́ bí dáàmù bá wà lórí odò, á dí i lọ́nà.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí dáàmù ti dí odò, wọ́n ń sin ọmọ ẹja trout, wọ́n á dà wọ́n sódò nísàlẹ̀ dáàmù, kí apẹja lè rí nǹkan pa.

Àwa náà mọ iṣẹ́ ọmọ ẹja sísìn yìí o!
Wọ́n ń kọ́ ọ ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́.
Àmọ́ inú kòtò ẹja aládàáni ni ọmọ àrọ̀ tiwa ń lọ.

Ó ń dùn mí gan-an.
Odò tó ti ń bọ́ wa látọjọ́ pípẹ́, kí la dá padà fún un?

Ẹ̀yin ará Ọ̀wẹnà, ẹja wo lẹ ò rí mọ́?