Àpótí Dúdú Inú Pálọ̀ Wa

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe àgbọ́sọ. Inú ilé wa ni ó ti ṣẹlẹ̀, àwa tí a ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kéwú láti ọdún gbọọrọ ni a sì jẹ̀bi níbẹ̀. Àwọn àgbà ní àìmọ̀kan mọ̀kàn ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Ẹ jẹ́ kí a sọ bí àwa náà ṣe pe ohun tí a kò mọ̀ níjà.

Ní ọdún 2011, nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì, àbúrò ìyàwó wa tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù wá sílé, ó sì gbé ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ fún àwọn ọmọ. Ẹ̀rọ náà dúdú, ó rí pẹlẹbẹ bí ìwé atúmọ̀ èdè Lárúbáwá tí a gbé dùbúlẹ̀ sórí tábìlì. PlayStation 3 ni orúkọ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Sony ti orílẹ̀-èdè Japan ni ó ṣe é. Ọdún 2006 ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ jáde. Èyí tí wọ́n gbé wá fún wa jẹ́ oríṣi tín-ín-rín tí ó jáde ní 2009. Ọmọ wa ọkùnrin kejì, ẹni ọdún 13 nígbà náà, ń fò sókè fún ayọ̀. Àwa wò ó lẹ́ẹ̀kan, a ní, "Géèmù náà ni." A kò béèrè nǹkan mìíràn.

Kì í ṣe pé a kò rí ẹ̀rọ géèmù rí. PlayStation 2, tí ó jáde ní Japan ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 2000, tí wọ́n sì tà ju mílíọ̀nù 155 lọ káàkiri ayé, pọ̀ ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn. Bọ́ọ̀lù ni àwọn ọmọ fi ń gbá. Ohun tí àwa mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju ariwo "góòlù" tí à ń gbọ́ láti ojú fèrèsé àwọn aládùúgbò lọ.

Kò pẹ́ tí ìjàngbọ̀n fi dé. Ọmọ tí ó ti há ìpín mẹ́wàá sórí nínú ọgbọ̀n ìpín Al-Kùránì kò lè wọ ìpín kọkànlá mọ́. Bí iná bá dé ní òru, yóò yọ́ dìde, yóò dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù, yóò sì jókòó ti pádì. Bí a bá pe ìrun Àsùbáà, oorun ni yóò máa kùn ún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ibi tí ó ti ń kéwú níwájú wa ni ó sùn lọ sí, orí rẹ̀ sì gbá wàláà. Ọjọ́ náà ni a kó ẹ̀rọ ọ̀hún, tòun ti pádì àti wáyà rẹ̀, tí a tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí à ń kó àwọn kìtábù wa sí.

Bí a bá dúró síbẹ̀, ì bá sàn. Ní ìpàdé òbí ilé-kéwú wa ní oṣù náà, a dìde, a fi ohùn wàásù sọ pé ohun kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ yìí wà fún, òun ni láti jí ọpọlọ ọmọ gbé. Pé ẹni tí ó bá ní in nílé, kí ó mú un kúrò. Àwọn òbí ṣe Àmín. Ìyá kan tí ń ta aṣọ lọ́jà délé, ó sì ta PlayStation tí ọkọ rẹ̀ rà fún àwọn ọmọ. Ohun tí ó rí gbà lórí rẹ̀ kò tó ìdajì owó tí wọ́n rà á. Nígbà tí a gbọ́, inú wa dùn. A ní ọ̀rọ̀ wa wọlé.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, bàbá ọmọ ilé-kéwú wa kan fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ó ní, "Àáfà, ẹ má bínú, mo rí ọmọ yín ní ṣọ́ọ̀bù géèmù tó wà lẹ́bàá gáréèjì." A mọ ṣọ́ọ̀bù náà. Àwọn gẹ̀ǹdé ni wọ́n ń fi owó ta bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá borí ni yóò kó owó. Nígbà tí a wádìí, ₦1,500 tí a fún ọmọ wa fún owó lẹ́sìnnì ni ó ti tán síbẹ̀. Ẹ̀rọ tí a tì mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù nílé ni ó lé e lọ bá èyí tí ó wà níta.

A pè é wọ yàrá. Pàṣán wà lọ́wọ́ wa. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá mi, mo jẹ̀bi owó yẹn, ẹ nà mí. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún gbogbo èèyàn pé nǹkan kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ yẹn ń ṣe, ẹ ò sì tíì jókòó tì í rí."

Ẹ̀yin èèyàn wa, a kò rí èsì fọ̀. Ọdọọdún ni à ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì gíga wa pé ẹni tí kò bá tíì mọ bí nǹkan ṣe rí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a lẹ́jọ́. A ti kọ ọ́ sójú pátákó tó ìgbà tí a kò lè kà. Ọmọ ọdún 13 ni ó wá kà á sí wa létí. A gbé pàṣán sílẹ̀. Nítorí owó tí ó ná, a ní kí ó máa gbá gbogbo kíláàsì ilé-kéwú fún oṣù méjì, ó sì gbá a. Nítorí ọ̀rọ̀ tí ó sọ, a mú kọ́kọ́rọ́, a ṣí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e, ọmọ di olùkọ́, bàbá di akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ó tan ẹ̀rọ náà, ohun tí ó kọ́kọ́ hàn kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Àwọn àmì kéékèèké ni ó tò lọ gbọọrọ lójú tẹlifíṣọ̀n: àmì fọ́tò, àmì orin, àmì fíìmù, àmì géèmù, àmì íntánẹ́ẹ̀tì. Géèmù jẹ́ ẹyọ kan láàrin wọn. Ojú tì wá.

Ó ṣàlàyé pé ẹ̀rọ náà ń gba CD, ó ń gba DVD, ó sì ń gba oríṣi díìsì kan tí wọ́n ń pè ní Blu-ray. DVD onípele kan ń gba gígábáìtì 4.7, Blu-ray onípele kan ń gba 25, ìyẹn ju ìlọ́po márùn-ún lọ. Ìdí nìyí tí fíìmù orí rẹ̀ fi lè mọ́ kedere ju ti DVD lọ. Ihò méjì wà níwájú ẹ̀rọ náà tí a lè ki fíláàṣì bọ̀ láti wo fọ́tò wàlímọ̀ tàbí láti gbọ́ wàásù. Nínú ikùn rẹ̀, ibi ìpamọ́ kan wà tí ó gba gígábáìtì 120.

Ìyàwó wa lọ mú DVD kan wá tí ẹnìkan rà bọ̀ fún un láti Sáúdí, tí ẹ̀rọ DVD wa kò gbà rí. Èyí gbà á. Ọmọ wa ní àwọn tí ń ṣe DVD ti pín ayé sí ẹkùn: Amẹ́ríkà wà ní ẹkùn 1, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Sáúdí wà ní ẹkùn 2, Nàìjíríà tiwa wà ní ẹkùn 5. PlayStation 3 tí wọ́n ṣe fún Lọ́ńdọ̀nù yóò gba DVD ẹkùn Sáúdí. Èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà kò ní gbà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tòkunbọ̀, ẹ máa béèrè ibi tí ó ti wá kí ẹ tó sanwó.

Lẹ́yìn náà ni ó béèrè bóyá a ní CD kankan tí a kò fẹ́ kí ó bàjẹ́. A ní ọ̀kan. Bàbá wa tó bí wa lọ́mọ ti kú ní 2004. Tàfúsírì ààwẹ̀ tí wọ́n ṣe kẹ́yìn ni a ti yí láti inú kásẹ́ẹ̀tì sínú CD, CD náà sì ti ń há. Ọmọ wa fi sínú ẹ̀rọ, ó tẹ bọ́tìnnì onígun mẹ́ta, ó yan ibi tí a ti ń dà á kọ, ó sì di inú ẹ̀rọ. Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn bàbá wa jáde láti inú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n wúkọ́ díẹ̀ bí ìṣe wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó wa jáde láti ilé ìdáná, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ títí tí ó fi tán.

Ẹ̀kọ́ tí ó kẹ́yìn lọ́jọ́ náà ni ti àgádágodo. Nínú ìṣètò ẹ̀rọ náà, òbí lè fi nọ́ńbà mẹ́rin ti àwọn géèmù àti fíìmù tí kò yẹ ọmọdé. 0000 ni nọ́ńbà tí ó ń bá wá láti ilé-iṣẹ́. Òbí tí kò bá yí i padà, ìlẹ̀kùn rẹ̀ kò tì. Àmì ọjọ́ orí sì wà lára páálí géèmù: ní ilẹ̀ Yúróòpù, 3, 7, 12, 16 àti 18 ni wọ́n ń kọ sí i. Èyí tí wọ́n kọ 18 sí kì í ṣe ohun tí a ń rà fún ọmọ ọdún 10 nítorí pé ó ń sunkún. Nígbà tí ó kan kí a fi nọ́ńbà tiwa sí i, ọmọ wa gbé pádì lé wa lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá mi, ẹ má jẹ́ kí n rí i." Ó sì kọjú sí ògiri.

Ohun kan wà tí a kò rí nínú ẹ̀rọ tiwa: àgádágodo àkókò. Ọdún 2018 ni PlayStation 4 tó ní irú èyí tí òbí fi lè sọ iye wákàtí tí ọmọ yóò lò nídìí géèmù. Nínú tiwa, àwa òbí fúnra wa ni àgádágodo náà. A jókòó pọ̀, a ṣe òfin: kò sí géèmù lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, wákàtí méjì ní Sátidé, wákàtí méjì ní Sọ́ńdè, a kò sì ní tan jẹnẹrétọ̀ nítorí rẹ̀. Ṣé òfin náà ń di mímú ní gbogbo ìgbà? Rárá. Ṣùgbọ́n ìjà rẹ̀ di ìjà inú ilé, kì í ṣe ti ẹ̀bá gáréèjì mọ́.

Ó wá ku ohun tí ó le jù. Ní ìpàdé òbí tí ó tẹ̀lé e, a dìde, a ní a ṣìṣe. A ní a dá ẹjọ́ ohun tí a kò mọ̀. Ìyá tí ó ta ẹ̀rọ ní gbàǹjo nawọ́, ó ní, "Àáfà, ta ni yóò wá san owó mi padà?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àwa kò lè rẹ́rìn-ín. Owó oṣù olùkọ́ kéwú kò tó ra PlayStation, ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a ra ẹ̀rọ DVD kékeré kan ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀. Kò tó, ó sì mọ̀ pé kò tó, ṣùgbọ́n ó gbà á.

Láti ìgbà náà ni a ti ń ka ìwé nípa ẹ̀rọ yìí. Ní ọdún 2010, àwọn ológun òfuurufú Amẹ́ríkà so nǹkan bí 1,760 PlayStation 3 pọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di kọ̀ǹpútà ńlá kan. Láti 2007 títí di 2012, àwọn onílé káàkiri ayé ń yá Yunifásítì Stanford ní agbára tiwọn láti fi ṣèwádìí àìsàn. Ẹ̀rọ kan náà tí gẹ̀ǹdé fi ń ta tẹ́tẹ́ ni ẹlòmíràn fi ń wá ìwòsàn. Níyà ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ ni ó ṣe ìyàtọ̀.

Ní 2016, iná kan dé lójijì pẹ̀lú agbára, ó sì jó ẹ̀rọ wa. Ibi ìpamọ́ rẹ̀ sì nìyí, wọ́n ti dè é mọ́ ara ẹ̀rọ náà. Bí a bá yọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà, kò ní ṣeé kà. Ọkàn wa já nítorí ohùn bàbá wa. Àṣé ọmọ ti da tàfúsírì náà kọ sínú fíláàṣì láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́. Ẹ̀yin èwe, ohun tí ẹ bá fẹ́ràn, ẹ má ṣe fi pamọ́ sí ibì kan ṣoṣo. Ẹ tún kíyè sí i pé PlayStation 4 àti 5 kì í gba CD orin, àwọn kan nínú PlayStation 5 kò sì ní ojú díìsì rárá. Tuntun kò fi dandan ṣe gbogbo ohun tí ògbólógbòó ń ṣe.

Ọmọ náà ti parí yunifásítì báyìí, ó sì ti há gbogbo ọgbọ̀n ìpín sórí. Ní ọjọ́ wàlímọ̀ rẹ̀, ó rọra sọ fún wa pé òun ti mọ nọ́ńbà tí a fi ti ẹ̀rọ náà láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: ọdún tí wọ́n bí bàbá wa ni. A ní, "Kí ló dé tí o kò fi ṣí i?"

Ó ní, "Bàbá mi, ẹ ti jókòó tì í."

Kí Ọlọ́hun fún àwa òbí ní sùúrù láti mọ̀ kí a tó dájọ́, kí Ó sì bá wa tọ́ àwọn ọmọ wa. Àmín.