Alágogo Tí N Kò Kí Kú Iṣẹ́



Láti ọdún 2015 títí di ọdún 2018 ni owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba kò fi pé ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwọn tí ó wà ní ìpele 12 sókè ń gba ìdajì, àwọn ti ìpele 8 sí 10 ń gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ní àkókò náà ni mo wá sí Ìlobùú, tí mo sì pàdé olùkọ́ ìṣirò kan tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn wá láti Ifọ́n-Ọ̀ṣun, nítorí owó ọ̀kadà ni ó fi ń ra gàrí sílé. Ìlú méjèèjì kò jìnnà síra, ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán kò mọ ìyẹn.

Mo bi í léèrè ohun tí ó ń gbé e dìde láàárọ̀. Nítorí kọ́là tí ó wà lọ́rùn mi, mo rò pé yóò dárúkọ Ọlọ́run. Ó ní, "Bàbá, ìyá ẹlẹ́kọ kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kí mi pé, 'Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ wa o.' Bí wọn kò bá rí mi, wọn a béèrè mi."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Ní ìjọ kan tí mo ti sìn ṣáájú ìgbà náà, alágogo wa fi wá sílẹ̀ lọ síbi tí owó rẹ̀ kéré sí tiwa. Mo pè é ní aláìmoore. Ṣé èmi kọ́ ni mo jà nínú ìgbìmọ̀ kí wọ́n tó fi kún owó rẹ̀? Ṣùgbọ́n n kò rántí ọjọ́ kan tí mo kí i kú iṣẹ́. Agogo tí ó bá pẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni etí mi ń gbọ́. Èyí tí ó lù lásìkò, n kò gbọ́ ọ rí. Bẹ́ẹ̀ mo kọ àròkọ gígùn lórí ìwé Rúùtù nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ àlùfáà! N kò kíyè sí i pé Bóásì kọ́kọ́ kí àwọn olùkórè rẹ̀ kí ó tó béèrè ohunkóhun.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí di owó òṣìṣẹ́ mú o. Ìkíni kì í se ọbẹ̀.

Mo wá alágogo náà lọ sílé. Ó ti darúgbó. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ọdún wọ̀nyẹn." Ó wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bi mí bóyá wọ́n ti pààrọ̀ okùn agogo.